Owó Iná Ilé Òbí: Ta Ló Ni Ìpinnu?

Bí ọmọ bá rí ọ̀nà tí owó iná ilé òbí rẹ̀ tó ti darúgbó yóò fi dín kù, ǹjẹ́ ó lẹ́tọ̀ọ́ láti yí ètò ilé náà padà láìgba àṣẹ?

Ìbéèrè yìí ti wá le sí i ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó epo ju ìlọ́po méjì lọ. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 2024, owó iná mànàmáná àwọn oníbàárà ìsọ̀rí A fò láti náírà 68 sí náírà 225 fún yúníìtì kan.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá àgbà kan ní Ìbàdàn, tí ọmọ rẹ̀ ń ti Èkó fi owó epo ẹ̀rọ amúnáwá ránṣẹ́. Ọmọ fẹ́ gbé iná sólà sórí òrùlé, ìyá kọ̀. Ọmọ ní òun lòun ń sanwó, àti pé ìyá kò mọ ìṣirò. Àwíjàre méjèèjì kò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Yorùbá ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Gbèsè àtijọ́ ni ọmọ ń san. Ẹni tó ń san gbèsè kì í yan bí olówó yóò ṣe ná an. Ìyá sì mọ ìṣirò tirẹ̀. Owó gọbọi ni sólà ń gbà lọ́jọ́ tí a bá rà á, ẹ̀yìn ọdún mélòó kan ni èrè rẹ̀ ń yọjú, bátìrì rẹ̀ a sì máa gbó. Ẹni ọgọ́rin ọdún lè bi ara rẹ̀ pé ta ni yóò jẹ èrè náà. Ó mọ ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúnáwá ṣe ládùúgbò. Kò mọ ẹni tí yóò ké sí bí sólà bá dákẹ́.

Síbẹ̀, òmìnira yìí ní ààlà. Májèlé inú èéfín ẹ̀rọ amúnáwá kò ní òórùn, ó sì lè pa ará ilé lójú oorun. Bí ẹ̀rọ náà bá wà lábẹ́ fèrèsé, ọmọ kò gbọdọ̀ dúró de àṣẹ kí ó tó gbé e jìnnà. Ewu ẹ̀mí yàtọ̀ sí ọ̀wọ́n epo.

Bí apá ọmọ kò bá sì ká owó epo mọ́, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ láìtijú. Kí ènìyàn jẹ́wọ́ pé agbára òun ti pin yàtọ̀ sí kí ó ní òbí òun kò gbọ́n.

Ojúṣe ọmọ, nígbà náà, ni kí ó ṣàlàyé èrè àti àdánù láìfi ọ̀kan pamọ́, kí ó wá oníṣẹ́ sólà tí kò jìnnà sí ìyá, kí ó sì fi yàrá kan ṣoṣo dán an wò. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí ìyá bá tún kọ̀ lẹ́yìn èyí, ilé rẹ̀ ni.