Orí Akẹ́kọ̀ọ́ Lókè Òkun

Nínú Ògúndá Méjì, Ifá bi àwọn òrìṣà léèrè pé ta ni nínú wọn tó lè bá olùsìn rẹ̀ dé òkè òkun láìpẹ̀yìndà. Ṣàngó ní òun lè ṣe é. Wọ́n ní bó bá kan Kòso, ilé bàbá rẹ̀, lọ́nà ńkọ́, tí wọ́n gbé àmàlà àti gbẹ̀gìrì síwájú rẹ̀? Ó ní bóun bá ti yó, ó dilé. Ibi tí tirẹ̀ parí sí nìyẹn. Ọya, Ògún, Ọ̀ṣun, bákan náà ni. Ọ̀rúnmìlà pàápàá kò yege. Orí nìkan ni kì í padà.

Ibi oúnjẹ yẹn ló máa ń dá mi dúró tí mo bá ro ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń kàwé ní Ìlú Ọba. Àṣà tí ẹnu ń tọ́ wò kì í pẹ́ rí àyè. Èlùbọ́ wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Yunifásítì á ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún àṣà, ọmọ á wé gèlè, á gbé ìrẹsì wá, wọn á jẹ, wọn á yó, kálukú á gbalé rẹ̀ lọ bíi Ṣàngó.

Àṣà tó wà nínú orí ńkọ́? Olùkọ́ tó ti hewú ní kí wọ́n máa pe òun lórúkọ; ọmọ Ìbàdàn kan gbìyànjú, "Ma" ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì. Ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ gidi í sọ, ṣùgbọ́n ó ń retí kí àgbà yọ̀ǹda fún un. Nílé wọn, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ní í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Àkókò tán. Olùkọ́ gbà pé kò kàwé wá.

Babaláwo lè bá mi wí pé orí tí a yàn lọ́dọ̀ Àjàlá tó ń mọ orí kì í ṣe ẹ̀kọ́ ilé. Mo gbà. Àmọ́ kò sí èyí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni ní pápákọ̀ òfuurufú nínú méjèèjì.

Ẹ wo àwọn tó ti lọ ṣáájú: Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, wà lára àwọn tó dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ lọ́dún 1925, láyé tí onílé ń wo àwọ̀ kó tó fúnni ní yàrá. Wọ́n ṣí ilé kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Camden lọ́dún 1933. Ibùsùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jiyàn ìṣèlú láàárín ara wọn kí wọ́n tó lọ kojú ìjọba amúnisìn. Irú ibẹ̀ ni ọmọ Ìbàdàn yìí nílò ju ọjọ́ gèlè lọ. Olùkọ́ rẹ̀ náà sì lè yíjú sí i ní kíláàsì, kó ní, "Ìwọ ńkọ́?"