Ṣé Gbogbo Àrùn Tó Fara Pamọ́ Ni Ó Yẹ Kí Á Wá Jáde?



Ọ̀rọ̀ ìlera ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú oṣù yìí, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ tí ó wà láàárín ọmọnìyàn sí ọmọnìyàn. Ó ti di àṣà ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ láti máa ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ níbi wáásí àti àpéjọ: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àti ní báyìí, àrùn jẹjẹrẹ. Ohun rere ni. Síbẹ̀, ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa: ǹjẹ́ gbogbo ìgbà ni ó dára láti máa wá àrùn kiri nínú ara ẹni tí nǹkan kan kò ṣe? Bí a bá sì rí i, kí ni gbèsè tí ó wà lọ́rùn àwa tí a wá a?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Obìnrin tí ó fọwọ́ kan kókó nínú ọmú rẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ nígbà tí kì í ṣe àkókò nǹkan oṣù, àti ọkùnrin tí ó rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀, kò sí àríyànjiyàn lórí tiwọn. Kí wọ́n tètè lọ sí ọsibítù, nítorí ìdádúró léwu. Ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí ara rẹ̀ le, tí kò rí àmì kankan, tí a wá ní kí ó jáde wá fún àyẹ̀wò.

Èkínní ni àǹfààní rẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ rí. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní HPV ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Ó sábà máa ń gba ọdún 15 sí 20 kí ó tó di jẹjẹrẹ lára obìnrin tí ara rẹ̀ pé. Ní gbogbo àsìkò yìí, ibẹ̀ ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láìsí ìrora. Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá fi omi kíkan bíi fínígà pa á, ibi tí ó ń yí padà yóò funfun, a ó sì lè mú un kúrò kí ó tó di jẹjẹrẹ rárá. Ní ìlú Mumbai ní ilẹ̀ Íńdíà, wọ́n tẹ̀lé nǹkan bí 150,000 obìnrin fún ọdún 12. Nígbà tí àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní 2013, ikú láti ọwọ́ àrùn yìí ti fi 31 nínú 100 dín kù láàárín àwọn tí wọ́n fi fínígà yẹ̀ wò. Ní Nàìjíríà tiwa, wọ́n ṣírò pé nǹkan bí 8,000 obìnrin ni àrùn yìí pa ní ọdún 2020. Ẹni tí ó bá ní kí àwọn ìyá wa má ṣe àyẹ̀wò yìí kò ràn wọ́n lọ́wọ́.

Èkejì ni ìnira rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo igi tí ó bá hù ní àgbàlá ni ìrókò. Bí a bá ń fi ìbẹ̀rù ìrókò gé gbogbo ohun tí ó bá hù, a óò gé ewédú mọ́ ọn. Ní 1999, ìjọba Gúúsù Kòríà bẹ̀rẹ̀ ètò àyẹ̀wò jẹjẹrẹ fún ará ìlú. Àyẹ̀wò thyroid, ẹ̀yà ara kékeré tí ó wà níwájú ọrùn, kò sí nínú ètò náà, ṣùgbọ́n àwọn ilé ìwòsàn ń fi sikáànì ọrùn kún un fún owó díẹ̀. Nígbà tí ó fi di 2011, iye àwọn tí wọ́n sọ fún pé wọ́n ní jẹjẹrẹ thyroid ti di ìlọ́po 15 iye ti 1993. Wọ́n lé ní 40,000 ní ọdún kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n iye àwọn tí àrùn náà ń pa kò yí padà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n rí kì bá tí ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan títí ọjọ́ ikú. Síbẹ̀ wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ ń lo oògùn títí ayé, ohùn àwọn mìíràn sì bàjẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí iye ọdún tàn wá jẹ. Bí a bá rí àrùn lára ọkùnrin kan ní ẹni ọdún 67, tí ó kú ní 70, a óò sọ pé ó lo ọdún 3. Bí a bá rí i ní ẹni ọdún 60, tí ó sì tún kú ní 70, a óò sọ pé àyẹ̀wò fún un ní ọdún 10. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ni ó kú. Ọdún 7 ìpayà nìkan ni a fi kún un.

Àyẹ̀wò mìíràn wà tí ó ní àǹfààní àti ìnira pọ̀. Ní 2012, ìgbìmọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àyẹ̀wò ọmú yẹ̀ wò. Wọ́n ní bí a bá ń pe 10,000 obìnrin fún un fún ogún ọdún láti ìgbà tí wọ́n ti pé 50, ẹ̀mí 43 ni yóò yọ, ṣùgbọ́n 129 ni a óò tọ́jú fún jẹjẹrẹ tí kì bá tí yọ wọ́n lẹ́nu láé. Kò sí ẹni tí ó lè mọ ẹni tí ó wà nínú 43 àti ẹni tí ó wà nínú 129. Gbogbo wọn ni yóò máa dúpẹ́ pé àyẹ̀wò gba àwọn là. Ìgbìmọ̀ náà ṣì sọ pé ètò náà wúlò, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀tọ́ obìnrin ni kí a sọ apá méjèèjì fún un.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun kò ní àyẹ̀wò í ṣe. Ẹ dá wọn lóhùn pé ẹni tí ó ń ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ lálẹ́ kò ṣaláìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun. Àwọn kan tún ń pe ẹni tí kò bá ṣe àyẹ̀wò ní aláìbìkítà. Àwọn náà ṣe àṣejù. Ẹ wo àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ prostate lára ọkùnrin. Richard Ablin, tí ó wà lára àwọn tí ó ṣàwárí PSA ní 1970, kọ̀wé ní 2010 pé kò yẹ kí á máa lò ó fún gbogbo ọkùnrin, nítorí kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín jẹjẹrẹ tí ó ń pani àti èyí tí kì í pani. Lóòótọ́, ewu àrùn yìí pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú, pàápàá ẹni tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ní i. Nítorí náà, kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fara balẹ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀, kí ó sì yan èyí tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí. Yálà ó ṣe é tàbí kò ṣe é, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bú u.

Ẹ̀kẹta, tí ó kàn wá jù lọ, ni gbèsè ẹni tí ó wá àrùn. Ara ẹni tí ó jókòó sábẹ́ kánópì wa, amaana ni. Bí a bá sọ fún ìyá kan pé a rí nǹkan lára rẹ̀, tí a sì ká kánópì wa lọ sílé, kí ni a fún un bí kò ṣe ìpayà? A dà bí ẹni tí ó jí ènìyàn lójú oorun pé ilé ń jó, tí ó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí a bá sì ń fi gbohùngbohùn pe orúkọ àwọn tí èsì wọn kò dára, a ti tú àṣírí. Ti HPV tún le jù, nítorí nípa ìbálòpọ̀ ni ó ń ràn. Ó wọ́pọ̀ púpọ̀, ara fúnra rẹ̀ ni ó sì ń lé e jáde lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ó tún lè fara pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, èsì rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí àgbèrè, kò sì gbọdọ̀ tú ilé ẹnikẹ́ni ká.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ tó gbé àyẹ̀wò kalẹ̀, kí ó dáhùn ìbéèrè mẹ́rin:

1. Bí a bá tètè rí àrùn yìí, ǹjẹ́ ó ń gba ẹ̀mí là, àbí ìròyìn nìkan ni ó ń tètè dé?
2. Nínú 1,000 tí a bá yẹ̀ wò, mélòó ni yóò jèrè, mélòó ni yóò fara gbá?
3. Níbo ni ìtọ́jú wà, ta ni yóò sì san owó rẹ̀?
4. Ta ni yóò gbọ́ èsì, yàtọ̀ sí ẹni tí ó ni ín?

Ẹgbẹ́ tí agbára rẹ̀ kò bá ká ìtọ́jú ṣì ní iṣẹ́ rere tí ó lè ṣe. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV. Ẹ mú àwọn àbúrò yín lọ gbà á.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà, kí Ó fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn, kí Ó sì jẹ́ kí á lè dúró ti ẹni tí a bá fi ìròyìn ìpayà tọ̀ lọ. Àmín.