Irọ́ Tí Ọlọ́pàá Dín Mọ́ Adìẹ

(Ẹ̀gbọ́n ń ta oúnjẹ. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ agbẹjọ́rò.)

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti wo fíìmù Kòríà yẹn, Extreme Job, tán?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti wò ó. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́pàá márùn-ún yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Irọ́ wọn pọ̀ jù.

ÀBÚRÒ: Iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà ni, ẹ̀gbọ́n mi. Lee Moo-bae, ọ̀gá àwọn tó ń ta oògùn olóró, ni wọ́n ń ṣọ́. Ilé tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń wọ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù adìẹ díndín kan tí ọjà rẹ̀ ti kú, tí ẹni tó ni ín sì fẹ́ kógbá wọlé. Níbo ni wọn ì bá tún jókòó sí? Ọ̀gá Go, olórí wọn, ló fi owó ìfẹ̀yìntì ara rẹ̀ ra ibẹ̀, kí wọ́n lè máa díbọ́n bí aládìẹ díndín. Owó tó yẹ kó fi tọ́jú ìyàwó àti ọmọ ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìyẹn wú mi lórí, mi ò purọ́. Mi ò sì bá wọn wí nítorí ẹ̀tàn tí wọ́n ṣe fún ọ̀daràn. Ẹni tó ń fi májèlé sí ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu, bí o bá wọ aṣọ ọlọ́pàá lọ bá a, ṣé yóò dúró dè ọ́ ni? Oníbàárà ni mò ń rò. Ẹni tó bá jókòó sídìí tábìlì mi ti fi ikùn rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó gbà pé ẹni tí mo pe ara mi ni mo jẹ́.

ÀBÚRÒ: Wọ́n sì fún un ní oúnjẹ tó péye. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ma, tí àwọn òbí rẹ̀ ń ta ẹran ìhà sísun ní ìlú Suwon, fi èlò tí wọ́n fi ń rẹ ẹran ìhà sí adìẹ, èrò bá ya dé. Wọ́n fowó lé e kí èrò lè dín kù, èrò tún ń pọ̀ sí i. Ta ni wọ́n rẹ́ jẹ níbẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Ara wọn ni wọ́n kọ́kọ́ rẹ́ jẹ. Ṣé o rántí Young-ho, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún náà? Òun nìkan ló ń tẹ̀ lé ọ̀daràn kiri ìgboro, tó ń fi fóònù pe àwọn yòókù. Kò sẹ́ni tó lè jáde. Epo ń hó lórí iná, Jang, ọlọ́pàá ẹgbẹ́ wọn, ń sáré láàárín tábìlì, oníbàárà ń ké pé tàwọn dà. Ohun tí wọ́n ń díbọ́n ti gba iṣẹ́ tí ìlú ń sanwó rẹ̀ fún wọn.

ÀBÚRÒ: Àìbìkítà nìyẹn, ẹ̀sùn ẹ̀tàn kọ́. Lórí ẹ̀tàn gan-an, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Gúúsù Kòríà ti la ààlà. Ọlọ́pàá tó kàn ṣí àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ti ní ìwà ọ̀daràn lọ́kàn kò jẹ̀bi. Àmọ́ bó bá jẹ́ òun ló gbin èrò náà sí onítọ̀hún lọ́kàn, ẹjọ́ náà ò lè dúró. Lọ́dún 2021, wọ́n tún fi òfin gba ọlọ́pàá láyè láti pa ìdánimọ̀ dà nítorí àwọn tó ń bá ọmọdé ṣe ìṣekúṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Ẹ̀GBỌ́N: Òfin tó dáa ni. Ẹni tí wọ́n ń fura sí ló ń dáàbò bò. Ta ló ń dáàbò bo aládùúgbò? Ìwọ lo sọ fún mi pé láti ìgbà tí ọrọ̀-ajé wọn ti dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún 1997, ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ ló ń fi ìwọ̀nba owó ọwọ́ wọn dá ṣọ́ọ̀bù adìẹ sílẹ̀. Fojú inú wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní òpópónà kejì. Oníbàárà rẹ̀ ti ṣí lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ìjọba ń san owó oṣù fún, tí ebi ò ní pa bí adìẹ wọn ò bá tà. Ogun tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ló jẹ ẹ́ lówó run.

ÀBÚRÒ: Ẹ má gbàgbé pé ẹgbẹ́ Lee Moo-bae náà sá sábẹ́ adìẹ yìí kan náà. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà ni wọ́n fi ṣí ẹ̀ka káàkiri, kí wọ́n lè máa fi oògùn olóró ránṣẹ́ bí ẹni ń gbé oúnjẹ lọ sílé oníbàárà. Èrò ọkàn ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Èrò ọkàn nìkan ò tó. Ọlọ́pàá wo ni yóò sọ pé èrò ibi lòun ní? Ohun tó dé iwájú oníbàárà ni kí o wò. Ní ẹ̀ka àwọn ọ̀daràn, oúnjẹ ò dùn, nítorí pé oúnjẹ kọ́ ni wọ́n ń tà. Lọ́dọ̀ Ma, ẹni tó sanwó adìẹ jẹ adìẹ gidi. Ibẹ̀ ni mo ti gbè wọ́n. Èrè tó gun orí rẹ̀ ni mi ò fọwọ́ sí.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹni tó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wewu, ṣé kó má rí nǹkan kan jẹ ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Kó gba owó tó fi ra ṣọ́ọ̀bù padà, kó má dín kọ́bọ̀. Owó oṣù rẹ̀ ṣì ń wọlé. Èyí tó lé lórí rẹ̀, àwọn tí ọjà wọn kú ládùúgbò ni kí wọ́n pín in fún lọ́jọ́ tí àṣírí bá tú, kí wọ́n sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn.

ÀBÚRÒ: Báwo ni ilé ẹjọ́ yóò ṣe ṣírò ìyẹn? Ta ni yóò ka iye oníbàárà tí ẹnì kan pàdánù?

Ẹ̀GBỌ́N: Ọlọ́pàá tó lè jókòó lójú fèrèsé, tó ń kọ gbogbo ẹni tó wọlé Lee Moo-bae àti ẹni tó jáde sílẹ̀, lè rìn yí àdúgbò ká kó kọ orúkọ àwọn tó ń dín adìẹ níbẹ̀.