Ta Ni A Kọ́kọ́ Ń Fura Sí?

Bí owó bá sọnù nínú ilé, ta ni a kọ́kọ́ máa ń pè jókòó? Ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó pe ọmọ onílé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní òru ọjọ́ 29 mọ́jú ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1860, ẹnì kan gbé Saville Kent, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 4, kúrò lórí ibùsùn rẹ̀ nínú ilé ńlá tí wọ́n ń pè ní Road Hill House. Inú ṣáláńgá ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀, wọ́n ti gé e lọ́fun. Gbogbo àmì fi hàn pé ará ilé ló ṣe é. Elizabeth Gough, olùtọ́jú ọmọ náà tí ń sùn nínú yàrá rẹ̀, ni àwọn ọlọ́pàá kọ́kọ́ kọjú sí.

Nígbà tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Jack Whicher dé láti Lọ́ńdọ̀nù, aṣọ ló ń kà. Àkọsílẹ̀ ní aṣọ ìsùn mẹ́ta ni Constance, ọmọ ọdún 16 tí aya àkọ́fẹ́ onílé bí, ní. Méjì péré ló rí. Ó mú un. Ni ariwo bá ta: irú kí ni kí mẹ̀kúnnù máa pe ọmọ ọlọ́lá ní apànìyàn? Adájọ́ dá ọmọbìnrin náà sílẹ̀, orúkọ Whicher sì bàjẹ́. Wọ́n tún padà mú Gough, wọn kò rí nǹkan kan. Ní ọdún 1865, Constance fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.

Ẹnì kan lè wí pé Whicher náà fura, àti pé Súrátù Hujurát ti kìlọ̀ fún wa nípa àbá dídá. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Àbá tirẹ̀ dúró lórí ohun tí a lè kà, tí a sì lè já ní irọ́. Síbẹ̀, kò rí aṣọ náà títí. Bí mo bá jẹ́ adájọ́ lọ́jọ́ náà, èmi náà ì bá dá Constance sílẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé ẹ̀rí tí àwọn ènìyàn béèrè kí wọ́n tó gbà pé ọmọ ọlọ́lá lè pànìyàn, wọn kò béèrè ìdajì rẹ̀ kí wọ́n tó ba ọmọ ọ̀dọ̀ lórúkọ jẹ́. Nǹkan bí ọdún 5 ni Gough fi ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀.