Agbẹ́jọ́-Ẹnìkan-Dá ní Àsìkò Èsì Ìdánwò

Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèédé, ọ̀gá àgbà àjọ JAMB tí ń ṣètò ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì, dúró níwájú àwọn oníròyìn, tí ó sì fi omijé ojú jẹ́wọ́ pé àṣìṣe wà nínú èsì tí àjọ òun ti gbé jáde ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú. Ó ní àtúnṣe tí ó yẹ kí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ fi sí kọ̀ǹpútà tí ń bá Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Ìgbò márààrún ṣiṣẹ́ ni wọn kò fi sí i, àti pé ọmọ 379,997 ni yóò tún ìdánwò náà ṣe. Nínú wọn, 206,610 ló jẹ́ ti Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n.

Ẹni tí ó bá mọ bí àwọn aláṣẹ ilẹ̀ wa ṣe máa ń ti ẹ̀bi sọ́rùn ẹlòmíràn yóò gbà pé ìwà ọmọlúàbí ni kí ènìyàn jẹ́wọ́ ẹ̀bi ní gbangba bẹ́ẹ̀, nítorí òtítọ́ wà lára ohun tí a kọ́kọ́ ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí a bá fẹ́ fi orúkọ náà pè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ni ó mú mi kọ̀wé. Ọjọ́ márùn-ún tí ó wà láàárín ìgbà tí èsì jáde àti ìgbà tí a jẹ́wọ́ àṣìṣe ni ó ká mi lára, nítorí ní ọjọ́ márùn-ún wọ̀nyẹn, àwa òbí, àwa alágbàtọ́ àti àwa olùkọ́ gan-an ni a wà nínú ìdánwò, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò sì yege.

Àwọn ọmọ wí títí pé àwọn mọ ohun tí àwọn kọ. Ọmọ tí kò gba máàkì burúkú rí láti ìgbà tí ó ti wọ iléèwé girama, tí ó wá ń sunkún pé 140 nínú 400 kò lè jẹ́ ti òun, irọ́ ni a ní ó ń pa. Àwọn kan tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ tilẹ̀ ń kéde pé àṣírí ló tú, pé bí ìmọ̀ àwọn ọmọ náà ti mọ nìyẹn nígbà tí a ti dí ọ̀nà màgòmágó mọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa ti wí tipẹ́ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Ẹ̀rọ ni ẹnìkan yẹn lọ́tẹ̀ yìí, òun nìkan ni a gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ẹ wo ilé kan tí yàrá kọjú sí yàrá ní Mushin ní alẹ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà fóònù ìyá ni wọ́n fi forúkọ ọmọ sílẹ̀, nítorí náà ìyá ni ó kọ UTMERESULT ránṣẹ́ sí 55019, òun náà ni ó sì kọ́kọ́ rí èsì kí ẹni tí ó ni í tó rí i. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi gbọ́. Ọmọ tí a fi Àjọkẹ́ jí láàárọ̀ kí ó wá gbàdúrà, tí a fi Àjọkẹ́ rán níṣẹ́ lọ́sàn-án, ni a wá ń pè ní ọ̀lẹ lálẹ́, tí a ń ṣírò owó fọ́ọ̀mù àti owó lẹ́sìnnì sí i létí lójú àwọn ayálégbé, tí a ń fi ọmọ tí ó wà ní yàrá kejì ṣe àpẹẹrẹ fún un. Oríkì tí àwọn ìyá wa fi ń mú orí ọmọ wú, ọjọ́ tí ọmọ nílò rẹ̀ jù lọ ni a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Ọmọdébìnrin kan sì wà ní ìpínlẹ̀ Èkó yìí kan náà tí kò sí láyé mọ́ nígbà tí a fi ń jẹ́wọ́ àṣìṣe.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀, kí ó rántí oṣù kẹjọ ọdún náà, nígbà tí àjọ WAEC tí ń ṣe ìdánwò àṣejáde girama kọ́kọ́ kéde pé ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni ó gba kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò, tí wọ́n sì padà wá sọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ pé àṣìṣe ni, ìdá 62.96 ni. Àwọn ọmọ kan nínú wọn ni ilẹ̀ ti ṣú mọ́ ní gbọ̀ngán ìdánwò ní oṣù karùn-ún, tí wọ́n ń fi iná tọ́ọ̀ṣì kọ Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé ìbéèrè ti jò síta.

Èmi kò sọ pé kí a má bá ọmọ wí. Ọmọ tí ó fi gbogbo sáà kẹta ṣeré ní láti gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu òbí rẹ̀, ìyẹn náà wà lára ẹ̀kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún tí a fi bá ọmọ wí ní ọwọ́ òsì tí ń fà á mọ́ra, ìbéèrè sì gbọdọ̀ ṣáájú ìdájọ́.

Ọ̀ràn kan tún wà tí ó ń dùn mí nípa àdúgbò wa. Láti ọdún 1907 ni ilé ìwòsàn ọpọlọ ti wà ní Yábà, tí ó ń wo àwọn tí ọkàn wọn gbọgbẹ́ sàn. Síbẹ̀ Yábà Lẹ́fì ni a fi ń bú ọmọ tí ó bá ń dá sọ̀rọ̀, tàbí tí kò fẹ́ jáde nínú yàrá mọ́. Báwo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe lanu sọ pé ọkàn òun wúwo, nígbà tí ó mọ̀ pé èébú ni a ti fi ibi ìwòsàn náà ṣe? Òfin ìlera ọpọlọ tuntun ti dé láti oṣù kìíní ọdún 2023, ṣùgbọ́n òfin kò lè gbọ́ ẹkún ọmọ nínú yàrá.

Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin òbí ní Súrùlérè, ní Mushin àti ní Yábà, nígbà tí èsì bá tún dé, ẹ kọ́kọ́ fún ọmọ ní oúnjẹ, kí ẹ jẹ́ kí ó sọ tẹnu rẹ̀ kí ẹ tó sọ tiyín. Èyí tí ẹ bá sì rí tí kò jẹun mọ́, tí kò sùn, tí ó ń pín ẹrù rẹ̀ fún àbúrò, tàbí tí ó ń sọ pé ó sàn kí òun má sí, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ má sì dúró di ọjọ́ kejì: ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí sí ilé ìwòsàn Yábà lọ́jọ́ náà gan-an.