Ṣé Ó Yẹ Kí A Mẹ́nu Kan Àṣìṣe Àwọn Tó Ti Lọ?

Ọ̀rọ̀ kan dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin àwa tí a ń kó ìwé yìí jọ, a sì fẹ́ gbé e síwájú yín.

Nígbà tí a ń gba ìtàn àwọn àgbà ìjọ tí wọ́n ti sùn, ọmọ ọ̀kan nínú wọn mú ìtàn bàbá rẹ̀ wá. Dídára ni gbogbo rẹ̀. Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, wọn kò bínú rí. Ìyá àgbà kan tí a kà á fún rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ẹ kọ ìtàn rẹ̀ yìí?” Àwa tí a dàgbà díẹ̀ mọ̀ pé bàbá yẹn fi ìbínú kúrò nínú ìjọ nígbà kan, tí àwọn kan sì tẹ̀ lé wọn lọ. Ní ọdún kejì ni wọ́n padà wá, tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn ọmọ tí wọ́n tó bí. Ọmọ náà ní, “Ẹ̀yin bàbá, a kì í sọ̀rọ̀ òkú ní búburú.”

Ṣé òótọ́ ni? Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò nílé lọ sí ìgboro Abẹ́òkúta.

Ta ni kò mọ Ẹfúnróyè Tinúbú? Ọmọ Ẹ̀gbá ni, ó ṣòwò ní Èkó títí ọrọ̀ rẹ̀ fi ju ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ, tí àwọn ọba ibẹ̀ sì ń fetí sí i. Nígbà tí aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú kí wọ́n lé e kúrò ní 1856, ó padà sílé. Ogun Dàhómì dé ní oṣù kẹta 1864. Ìbọn àti ẹ̀tù ni ó fi ran àwọn jagunjagun wa lọ́wọ́, ìlú kò sì wó. Lọ́dún náà ni wọ́n fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Ó kú ní 1887. Orúkọ rẹ̀ ni Gbàgede Tinúbú ní Èkó ń jẹ́ títí di òní.

Èyí là ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Ohun tí a kì í fẹ́ sọ ni pé ẹrú wà nínú ọjà tí ó tà. Ẹ wò ó o: àwa Ẹ̀gbá fúnra wa, ogun àti ìkónilẹ́rú ló lé wa dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Láti nǹkan bí 1839 ni àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti tà bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé láti Sàró. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, nílùú wa yìí ló ti tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25. Nínú ìlú tí irú ẹkún ayọ̀ bẹ́ẹ̀ ti sọ ni Tinúbú ti jẹ Ìyálóde.

Àwọn kan á ní ayé ìgbà náà ni, gbogbo olówó ló ń ṣe é. Àbí? Ìyá Àjàyí náà, ayé ìgbà náà ni ó wà, ó sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n ṣe sí ọmọ òun kò dára. Àwọn míì á ní kí a pa orúkọ Tinúbú rẹ́. A kò fara mọ́ ìyẹn náà. Bí a bá gbàgbé ẹni tó dúró tì wá nígbà ogun Dàhómì, aláìmoore ni wá.

Àwọn baba wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fetí sí oríkì dáadáa: wọ́n á ki ènìyàn ní akọni, wọ́n á tún fẹnu kan ìwà líle rẹ̀. Bíbélì kò sì fi ọ̀ràn Ùríà pamọ́ fún Dáfídì. Ó jọ pé òkú inú pósítà ìsìnkú òde òní nìkan ni kì í ṣẹ̀ rárá!

Bí a bá bo àṣìṣe olókìkí mọ́lẹ̀, kì í ṣe òun nìkan là ń bò, àwọn tí ó ṣẹ̀ là ń sin lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tí Tinúbú tà ní orúkọ, wọ́n ní oríkì, ọmọ ilé kan ni wọ́n; kò sí gbàgede tó ń jẹ́ orúkọ wọn.

A sọ èyí fún ọmọ bàbá wa. A ní, bí o bá yọ ìbínú bàbá kúrò, ìdọ̀bálẹ̀ wọn bá a lọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìdọ̀bálẹ̀ yẹn gan-an ni àwa tí a wà níbẹ̀ fi ń rántí wọn. Ó dákẹ́, ó gbé ìwé náà lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ó dá a padà, ìlà mẹ́rin ti kún un. Ẹ óò rí i ní ojú ewé tó kàn, lábẹ́ àwòrán bàbá.