Ẹ̀tọ́ Ojú Ọ̀nà àti Ẹ̀tọ́ Ẹni Tí Ń Kiri Ọjà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Olùpèsè, Ẹni tí arísìkí gbogbo ẹ̀dá wà lọ́wọ́ Rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ìjọ Mùsùlùmí, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun nínú ohun tí à ń tà àti ibi tí a ti ń tà á. Àwọn ọmọ Ìlàjẹ wà ní Èkó, nítorí náà ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kàn wá. Ní òpin oṣù kẹfà ọdún 2016, tí a wà nínú ààwẹ̀ Rámádánì, ọkọ̀ kan pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kiri ọjà ní Maryland. Ìròyìn sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ KAI ni ó ń sá fún. Kò pẹ́ tí Gómìnà Akínwùnmí Ambode fi kéde pé òun yóò fi ọwọ́ líle mú òfin ọdún 2003 tí ó ka títa ọjà lójú pópó léèwọ̀: ₦90,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, fún ẹni tí ó tà àti ẹni tí ó rà.

Ẹ kíyè sí i pé ó kan ẹni tí ó rà. Ọlọ́jà ni a máa ń bú, bẹ́ẹ̀ àwa ni à ń nawọ́ pè é láti inú ọkọ̀.

Ànábì kọ́ wa pé ojú ọ̀nà ní ẹ̀tọ́, ó sì ka mímú ìnira kúrò níbẹ̀ mọ́ ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Ẹni tí ó tẹ́ ẹja sí ẹnu èbúté, tí aboyún kò fi rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀ nígbà tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹja rẹ̀ lè jẹ́ haláàlì. Ibi tí ó gbé e sí ni kò tọ́.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kò mọ sọ́dọ̀ ọlọ́jà. Ànábì ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀, ó sì bá olówò náà wí. Hádíìsì náà kò sọ pé ó kó oúnjẹ ọ̀hún lọ. Òṣìṣẹ́ tí ìjọba rán láti tú àtẹ ká, tí ó wá gbé ẹja opó lọ sílé ara rẹ̀ ńkọ́? Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi dídá ọjà sílẹ̀ àti àbójútó rẹ̀ sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kódà ìwé àṣẹ fún ọkọ̀ tí a ń fi àjẹ̀ wà wà níbẹ̀. Àmánà ni. Kí wọ́n pèsè àyè kí wọ́n tó lé ènìyàn. Àwọn onímọ̀ ìṣáájú fi ọjà wé mọ́sálásí: ẹni tí ó kọ́kọ́ dé àyè kan ni ó ni ín ní ọjọ́ náà, títí yóò fi dìde. Ta ni nínú wa tí yóò fa ẹnìkejì kúrò ní sáfù nítorí pé owó pọ̀ lọ́wọ́ òun?

Èyí tí ó wúwo jù lọ́kàn mi ni ti àwọn ọmọ. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 kọ̀ kí á lo ọmọ láti kiri ọjà lójú títì. Ìyá kan lè bi mí pé, “Àlùfáà, kí ni a ó wá jẹ?” Ìbéèrè gidi ni, ẹ̀kọ́ ẹnu lásán kò sì lè dáhùn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí sàká fi wà. Bí o bá mọ ilé tí ọmọ ti ń gbé igbá nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní ilé-ìwé, má ṣe bú ìyá rẹ̀. Wá rí wa lẹ́yìn ìrun, ní ìkọ̀kọ̀.

Ọlọ́hun, fi bárákà sí ọjà wa àti odò wa. Àmín.